Sítáàṣì Lára Ìró Fadilah

Sájẹ́ǹtì Akínọlá tú ẹnu àpò bébà náà, ó fà á síwájú ọ̀gá rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára sókè.

"Ìró Ànkàrá kan. Ẹni tó ni ín, Fadilah Ṣàfíù. Ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀. Ó wà ní pípé, mà. Ṣé kí n máa kọ ọ́?"

"Dúró ná."

Inspẹ́kítọ̀ Christianah Adéríbigbé ò tíì fọwọ́ kan aṣọ náà. Imú ló fi ṣíwájú, bó ṣe máa ń ṣe. Gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá Ìta-Ọ̀pẹ ní Mushin ló mọ̀ nípa imú yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Màdáámù Onímú, òun náà sì mọ̀, kò jẹ́ bínú. Imú yẹn ló fi gbọ́ òórùn epo mọ́tò lára ọkùnrin kan tó búra pé òun ò jáde nílé lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀bù ẹnìkejì òun jóná. Ọkùnrin ọ̀hún ṣì wà lẹ́wọ̀n títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ó fa imú lẹ́ẹ̀kan. Ó tún fà á.

"Akínọlá, oṣù mélòó ni aṣọ yìí ti wà nínú yàrá ẹ̀rí?"

"Oṣù mẹ́jọ, mà. Láti oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá."

"Oṣù mẹ́jọ, nínú yàrá tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí eku ń bímọ sí. Wá gbóòórùn ẹ̀."

Akínọlá tẹ orí ba. Nígbà tó gbé e sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ó ń ta sánsán, mà."

"Ó ń ta sánsán! Ṣé bí aṣọ ẹ̀rí ṣe ń ṣe nìyẹn?"

Christianah wá na ọwọ́ sí i. Aṣọ náà le gbagidi. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì, wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ìlà rẹ̀ fi mú. Àbàwọ́n tí òun fúnra rẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí ní oṣù karùn-ún ti lọ ráúráú. Christianah jókòó.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni, nínú oṣù kìíní ọdún 1991. Ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ẹjọ́ Fadilah máa tún dé kóòtù, adájọ́ sì ti sọ ọ́ kanlẹ̀ pé tí ọlọ́pàá ò bá mú ẹ̀rí wá lọ́jọ́ náà, òun máa da ẹjọ́ nù. Fadilah jẹ́ aránṣọ, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Àkàngbé, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládìpọ̀, ló ní kó wá wọn àga mọ́tò tó fẹ́ rán ìbòrí fún, tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí ẹjọ́ bá dànù, ilé ni Àkàngbé ń lọ yẹn, ó sì máa fi mọ́tò kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà lójoojúmọ́.

Ẹ má sì gbàgbé ohun tó mú wọn tú àpò náà rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ìwé dé láti orílé-iṣẹ́ pé kí àgọ́ kọ̀ọ̀kan jábọ̀ lórí gbogbo ohun ẹ̀rí ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn: kí ló jẹ́, ọjọ́ wo ló wọlé, ṣé ó ti lọ fún àyẹ̀wò, bí kò bá sì lọ, ta ló fà á? Ọ̀gá Ọláìtán, tó jẹ́ olórí ìwádìí ní àgọ́ náà, ló pariwo jù.

"Èló ni bébà? Èló ni kábọ̀n?" Bó ṣe wí nìyẹn, ó fi ìwé náà lu tábìlì. "Ṣé àwọn olè á dúró dè wá ká ka ìró àti yẹ̀rì tán ni? Ìwé yìí á ná wa ní ohun tá ò ní!"

Gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Christianah pẹ̀lú rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ká má parọ́.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rí?" ó bi Akínọlá báyìí.

"Èmi ni, mà."

"Ta tún ni?"

"Èmi nìkan, mà."

"Nígbà náà, ìwọ lo fọ̀ ọ́."

"Yéè! Màdáámù! Ìyàwó mi gan-an, mi ò fọ aṣọ ẹ̀ rí!"

Inspẹ́kítọ̀ fa aṣọ náà mọ́ra. Ó ń yí etí aṣọ náà lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka méjì, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ní igun kan, níbi tí ìṣẹ́tí ti pàdé, ó rí i. Yíǹkì dúdú ni: ìkọ́ kékeré kan, àmì tóótó méjì lábẹ́ rẹ̀.

Kò sí ará Èkó tí kò mọ ohun tíyẹn jẹ́. Alágbàfọ̀ tó ń gba aṣọ ogún ilé gbọ́dọ̀ mọ èyí tí í ṣe ti Lágbájá yàtọ̀ sí ti Làkáṣègbè. Bí kò bá mọ̀wé, á dá àmì tirẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ti kọ ọ́ sára aṣọ, ó di kó gbó.

"Akínọlá, yí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ síta."

"Mà?"

"Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ. Yí i síta kí n rí i."

Akínọlá yí i síta. Ìkọ́ kékeré kan wà níbẹ̀, yíǹkì dúdú kan náà. Sájẹ́ǹtì ò rí ọrùn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ gbì.

"Mà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Taoheed ti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ló ń fọ aṣọ gbogbo wa níbí. Gbogbo wa, mà! Ẹ yẹ tèmi nìkan wò, ẹ wá sọ pé èmi ni?"

"Dìde. Tìẹ ní àmì tóótó kan ṣoṣo." Ó ká ìró náà, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó sì na ọwọ́. "Mú kọ́kọ́rọ́ yàrá wá. Má kúrò lórí àga yẹn títí n ó fi dé. Bí o bá bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹ̀."

Ó ṣì ń fura sí i. Akínọlá ti yára sọ pé òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́, ojú rẹ̀ sì ti sá sí ẹnu ọ̀nà bó ṣe ń wí i.

*

Taoheed ń wọ́n omi sí ṣòkòtò kan lórí tábìlì nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ wọlé tòun ti aṣọ ọlọ́pàá lọ́rùn. Ẹni ọdún márùndínlógójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, apá rẹ̀ ki, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń gbé aṣọ wá. Ṣé kí n dá àmì fún yín?"

"Àmì ni mo tìtorí ẹ̀ wá. Ìkọ́, kí ló dúró fún?"

Inú Taoheed dùn. Ó hàn pé kò sẹ́ni tó bi í nírú ìbéèrè yẹn rí.

"Ìkọ́ ni àwọn ọlọ́pàá Ìta-Ọ̀pẹ. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń fi ìkọ́ gbé èèyàn!" Ó rẹ́rìn-ín, ó rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó gbé ẹ̀rín mì. "Ẹ má bínú, mà. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, igi. Àwọn tíṣà, igun mẹ́ta."

"Àmì tóótó ńkọ́?"

"Ìyẹn ni mo fi ń mọ ẹni tó ni ín. Ẹyọ kan, Sájẹ́ǹtì Akínọlá. Ẹyọ méjì..." Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó gbé e sílẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀, Àǹtí?"

"Ìró Ànkàrá aláwọ̀ ewé kan wá síbí láìpẹ́."

"Ìró pọ̀ níbí."

"Èyí ní àbàwọ́n tó ti gbẹ kanrin. O rántí rẹ̀, nítorí ìwọ lo fọ̀ ọ́."

Taoheed fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. Ọyẹ́ ń fẹ́ sí i lára láti ojú fèrèsé, síbẹ̀ ó ń làágùn.

"Ọ̀gá Ọláìtán ló gbé e wá," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Túsìdeè ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún. Wọ́n ní aṣọ àbúrò ìyàwó àwọn ni, kí n fọ̀ ọ́ kó mọ́ tónítóní. Omi gbígbóná, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo jìyà lórí aṣọ yẹn, Àǹtí!"

"Wọ́n ní kí o rẹ ẹ́ sí sítáàṣì?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní àmì méjì, gbogbo aṣọ rẹ̀ ni mò ń sọ sí sítáàṣì. Bí wọ́n ṣe fẹ́ tiwọn nìyẹn. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́." Ó wo ojú rẹ̀. "Ṣé mo bà á jẹ́ ni?"

Iṣẹ́ rẹ̀ lọkùnrin náà ṣe, ó sì ṣe é dáadáa.

*

Túsìdeè ni ọjọ́ kejì tí ìwé orílé-iṣẹ́ dé. Inspẹ́kítọ̀ ń rò ó bó ṣe ń rìn padà. Fún oṣù méje àbọ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìró náà, nítorí kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Eku ì bá jẹ ẹ́, òjò ì bá pa á. Àfi ìgbà tí ìwé wá ní ká sọ ibi tó wà. Bí ó bá sọnù, ìbéèrè máa pọ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀ ní mímọ́, wọ́n á kọ "ó wà" sínú ìwé, ó tán. Ẹni tó gbèrò yìí láti gba Àkàngbé sílẹ̀ gbọ́n, àfi pé kò bá alágbàfọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ sítáàṣì.

Akínọlá ṣì wà lórí àga.

"Túsìdeè ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún, ta lo fún ní kọ́kọ́rọ́?"

Sájẹ́ǹtì wo ilẹ̀.

"Akínọlá, àmì tóótó méjì ni. Mo ti mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni."

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí ohun tó wà níbẹ̀ nítorí ìwé yẹn. Ọ̀gá mi ni wọ́n, mà. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Bá mi kálọ."

Ọ̀gá Ọláìtán ń jẹ gúgúrú nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ọkùnrin dúdú, ọlọ́rọ̀ dídùn, tí aṣọ rẹ̀ máa ń dán láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Akínọlá dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà," ni Christianah wí, "ẹjọ́ kékeré kan ni. Alágbàfọ̀ yín ní aṣọ kan ń dààmú òun. Ó ní ẹ gbé e wá ní Túsìdeè kan, ó wá ń bẹ̀rù pé òun ti bà á jẹ́."

"Taoheed? Òmùgọ̀ yẹn! Ìró àbúrò ìyàwó mi ni. Ẹ sọ fún un pé ó mọ́ dáadáa, kó fọkàn balẹ̀."

"Aṣọ ni mo pè é, sà. Mi ò pè é ní ìró."

Ọwọ́ tó ń mú gúgúrú lọ sẹ́nu dúró ní agbedeméjì.

"Akínọlá, jáde," ni Ọláìtán wí. Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, kò pariwo. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Christianah. Ìwọ àti imú rẹ. Ó dáa, jẹ́ ká jọ kọ ìwé náà. Ọjọ́ wo ni ìró wọlé?"

"Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún."

"Ta ló gbà á?"

"Èmi ni."

"Ṣé ó lọ fún àyẹ̀wò?"

"Kò lọ."

"Ta ló fà á tí kò fi lọ?" Ó tẹ̀ síwájú. "Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ níbẹ̀ o. Oṣù mẹ́jọ! Kí n tó fọwọ́ kàn án, ta ló fi í sílẹ̀ fún eku? Ìgbéga rẹ ń bọ̀ ní oṣù kẹta. Kọ pé ó wà. Irọ́ kọ́, ó wà níbẹ̀."

Christianah mọ̀ pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ burúkú yẹn. Ó béèrè epo mọ́tò láti gbé ìró náà lọ fún àyẹ̀wò ní oṣù karùn-ún, wọ́n ní kò sí. Ó tún béèrè ní oṣù kẹfà, wọ́n ní kò sí. Kò béèrè lẹ́ẹ̀kẹta mọ́. Ẹjọ́ mìíràn dé, ó gbàgbé. Obìnrin tí gbogbo Mushin ń pè ní ọlọ́gbọ́n gbàgbé! Ojú tì í débi pé kò lè wo ọkùnrin náà lójú.

"Sà," ó wí nígbẹ̀yìn, "ẹ jẹ gúgúrú yín."

*

Christianah fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó kọ orúkọ Ọláìtán, ó kọ ti Taoheed, ó kọ Túsìdeè. Nígbà tó dé ibi "ta ló fà á", ó tẹ orúkọ ara rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn.

"Mà," ni Akínọlá wí lẹ́yìn rẹ̀, "ṣé ẹ fẹ́ para yín ni?"

"Ka èyí tó o kọ lọ́jọ́ tí Fadilah wá fún mi, kí n lè fi sí i."

Akínọlá mú ìwé tí Fadilah fi sọ tẹnu rẹ̀ jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, nítorí gẹ̀ẹ́sì ni kóòtù ń gbà. Ó kà á dé ibi tó kọ "ìró kan" sí. Inspẹ́kítọ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Kan? O bi mí ní ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ yẹn, bó o ṣe ń kọ̀wé. Kí ni?"

Akínọlá họ orí. "Yẹ̀rì ni, mà. Ọmọ náà ní ìró òun àti yẹ̀rì tí òun wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo bi yín pé kí ni wọ́n ń pe yẹ̀rì lédè gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní kí n kọ èyí tí mo bá mọ̀, kí n má fi àkókò ṣòfò. Mo kọ ìró. Mo fo èkejì."

"Yẹ̀rì náà ńkọ́? Ṣé wọ́n gbé e wá?"

"Ìyá rẹ̀ béèrè bóyá kí àwọn mú un wá. Mo ní ìró ti tó."

Christianah ti dìde.

*

Àmúdàtù, ìyá Fadilah, ń dirun fún ara rẹ̀ níwájú ilé nígbà tí Christianah dé. Fadilah wà nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ojú pópó, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún. Bẹ́ẹ̀ ló ń jókòó láti oṣù karùn-ún.

"Yẹ̀rì wo?" ni Àmúdàtù wí. "Mo ti sun ún."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Àǹtí ọlọ́pàá, ẹ ti gba èkíní. Kí lẹ fi ṣe?"

Irọ́ tó rọrùn ló wà ní ẹnu Christianah. Ó gbé e mì.

"Wọ́n ti fọ̀ ọ́."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Wọ́n fọ̀ ọ́?" Ìyá náà jọ̀wọ́ irun rẹ̀. "Ta ni wọ́n?"

"Ọ̀gá mi ló gbé e fún alágbàfọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Ó yẹ kí n gbé e lọ fún àyẹ̀wò, n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé tó ń lọ sí orílé-iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n kà á."

Ó kà á ní Yorùbá, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó dé ibi orúkọ ara rẹ̀, kò fò ó, ó kà á tán.

"Orúkọ yín lẹ kọ síbẹ̀?"

"Orúkọ mi ni."

"Kí ni wọ́n máa fi yín ṣe?"

"Wọ́n lè já oyè lára mi. Wọ́n lè ní kí n máa lọ sílé. Mi ò mọ̀, Ìyá."

Àmúdàtù ṣì ń wò ó bí ẹni tó ń wá ayédèrú nínú owó nígbà tí Fadilah jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ inú ilé lọ. Nígbà tó bọ̀, agolo bisikíìtì kan wà láyà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Òórùn káfúrà ló kọ́kọ́ dé imú Inspẹ́kítọ̀, òórùn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ti aṣọ tí omi ò kàn láti oṣù karùn-ún.

"Ẹ ò ní gbé e dé àgọ́ yẹn," ni Fadilah wí.

"Rárá. Èmi àti ìwọ la máa jọ gbé e lọ fún àyẹ̀wò báyìí. Wàá fojú rí ẹni tó gbà á."

"Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn kí n tó jù ú sílẹ̀."

Christianah fa bírò yọ. Ó tẹ́ ìwé sórí itan, ó kọ déètì, ó kọ orúkọ ọmọ náà, ó sì dúró. Fadilah ń wo ẹnu bírò.

"Kí lẹ fẹ́ pè é? Lọ́jọ́ yẹn, mo sọ ọ́, mo rí ẹni tó ń kọ̀wé tó fò ó. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Mo ní bóyá èmi ni mo sọ ohun tí kò yẹ kéèyàn sọ jáde."

"Kò mọ gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni."

"Gẹ̀ẹ́sì?" Fadilah wò ó títí. "Oṣù mẹ́jọ, Àǹtí. Nítorí gẹ̀ẹ́sì?"

Inspẹ́kítọ̀ tún gbé ẹnu bírò lé bébà.

"Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe pè é."

Christianah kọ ọ́, láàárín gẹ̀ẹ́sì tó yí i ká: yẹ̀rì. Ó fi àmì sí i lórí, ó fi àmì sí i nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í pè. Fadilah tẹ orí ba, ó kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó wá jọ̀wọ́ agolo náà sí i lọ́wọ́.